Èdè Tí A Kò Sọ Nílé, Ta Ni Yóò Bá Wa Sọ Ọ́ Lórí Afẹ́fẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún 2016, bí ẹni tó ru ẹrù tí kò rí ibi sọ̀ ọ́. Òní ni mo fẹ́ sọ̀ ọ́ síwájú yín. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni. Ọ̀rọ̀ èdè wa ni. Ọ̀rọ̀ ìtìjú tèmi náà sì ni díẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ń ta aṣọ lọ́jà ní Òṣogbo. Ọmọ wa obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Melbourne, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Nígbà tí ó bí ọmọ rẹ̀ kejì, ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kí ó wá bá òun wẹ ọmọ. Ìyá ní òun kò lè dá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ìpẹ̀kun ayé. Báyìí ni èmi náà ṣe di ará àjò.

Inú oṣù keje ni a débẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ooru ni í mú ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù keje, kí ó má fi ti Ọsirélíà wé e o. Àkókò òtútù tiwọn nìyẹn. Aṣọ mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń wọ̀ lé ara wọn, síbẹ̀ eyín mi ń lu ara wọn bí agogo.

Ọmọ-ọmọ wa àgbà, ọkùnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 6 nígbà náà. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ó lọ́yàyà, ó sì fò mọ́ wa ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà jókòó, ó ní, “Ọkọ mi, bá mi bu omi wá kí n mu.” Ọmọ náà wò ó, ó wò mí, ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ni màmá àgbà wí. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ó ti ju 40 ọdún lọ tí mo ti ń bá a gbé, mo mọ ẹ̀rín rẹ̀, mo sì mọ ẹkún rẹ̀. Ẹkún ni ìyẹn.

ÌYÁ ARÁ GÍRÍÌKÌ

Ìyá arúgbó kan ń gbé ní ilé tó tẹ̀ lé tiwọn. Ará Gíríìkì ni. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ló sì ti lo agbára rẹ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ogbó ti dé, Gẹ̀ẹ́sì náà ń yọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń padà sí èdè ìyá tó bí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí fún ọ̀pọ̀ arúgbó tó wá láti ìlú mìíràn.

Ìyá yìí gbé oúnjẹ wá kí wa kú ewu ọmọ, ìyàwó mi sì bu ìrẹsì jọlọ́ọ̀fù fún un padà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́, láìgbọ́ èdè ara wọn. Aṣọ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: ọ̀kan á fa etí aṣọ èkejì, á yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, á sì mi orí.

Láràárọ̀, ìyàwó mi a lọ jókòó tì í níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìròyìn láti Athens, olú ìlú Gíríìkì, ni wọ́n máa ń wò, ní èdè Gíríìkì pọ́ńbélé. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Ìyá àwọn ọmọ, kí lo ń gbọ́ níbẹ̀?”

Ó ní, “Mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè rẹ̀, ara rẹ̀ a yá, a sì máa bá ẹni inú àpótí jiyàn bí ẹni wà lọ́jà. Bàbá àwọn ọmọ, mo ti jókòó níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Àpótí yìí sọ ti Gíríìkì, ó sọ ti Ítálì, ó sọ ti Lárúbáwá, ó sọ ti Ṣáínà. Níbo ni tiwa wà nínú rẹ̀?”

N kò rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n tíṣà kì í gbọ́ ìbéèrè kí ó lọ sùn. Mo wọ ilé ìkàwé ìlú náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ohun tí mo rí nìyí.

BÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwọn ìròyìn wọ̀nyí jáde ni SBS. Owó ìjọba ni ó fi ń ṣiṣẹ́ jù lọ, ó sì ń gba owó ìpolówó ọjà kún un.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì tó parí ní 1945, ìjọba Ọsirélíà rí i pé ilẹ̀ àwọn fẹ̀, ènìyàn kò sì pọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn wọlé láti Ítálì, Gíríìkì, Pólàǹdì, Málítà àti ibòmíràn. Aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń fẹ́ o. Ó di 1973 kí ìjọba tó pa ìyókù òfin tó ń dènà àwọn aláwọ̀ mìíràn rẹ́. Àwọn tí wọ́n sì gbà wọlé náà, ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n da èdè wọn sómi ní èbúté. Àṣẹ wà nílẹ̀ pé rédíò aládàáni kankan kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 2.5 nínú 100 àkókò rẹ̀ sọ èdè àjèjì.

Kí ló wá yí ọ̀rọ̀ padà? Kì í ṣe àánú nìkan. Ní 1975, ìjọba fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Medibank, ọjọ́ 1 oṣù keje ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wò ó pé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tó ń san owó orí fún ìjọba ni kò ní mọ̀ pé ètò náà wà, nítorí wọn kò gbọ́ èdè tí a fi kéde rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yìí yé yín ju èmi lọ. Bí ènìyàn bá kó ọjà dé, tí ó wá ń fi èdè tí ará ọjà kò gbọ́ polówó rẹ̀, ta ni yóò rà á?

Nítorí náà, nínú oṣù kẹfà 1975, wọ́n dá ilé iṣẹ́ rédíò méjì sílẹ̀: 2EA ní Sydney, 3EA ní Melbourne. Èdè 7 ni wọ́n ń sọ ní Sydney, èdè 8 ní Melbourne. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ti fún ní oyin lá, ṣé ẹ ó tún ní kó máa lá omi? Oṣù mẹ́ta pé, kò sí ẹni tó lè pa á. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1978, wọ́n dá àjọ SBS sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Ní ọdún 1978 yìí kan náà, ìgbìmọ̀ tí agbẹjọ́rò Frank Galbally ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ fún ìjọba Malcolm Fraser lórí ọ̀nà tí a lè gbà ran àwọn àtọ̀húnrìnwá lọ́wọ́, tẹlifíṣọ̀n elédè púpọ̀ sì wà nínú ohun tí wọ́n là sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 1980, tí í ṣe Ọjọ́ Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, tẹlifíṣọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ ní Sydney àti Melbourne. Bruce Gyngell, ẹni tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ hàn nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé Ọsirélíà ní 1956, ni ó tún ṣe olórí rẹ̀. Fíìmù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ Who Are We?, èyí ni pé, “Ta ni wá?” Mo ronú lórí orúkọ yẹn pẹ́ títí. Ìbéèrè tí ìyàwó mi bi mí náà kọ́ nìyẹn?

ÀWỌN TÓ Ń KỌ ÌTUMỌ̀

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí ó wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìròyìn òwúrọ̀ tí ìyá ará Gíríìkì ń wò, àwọn tó gbọ́ èdè náà nìkan ni wọ́n ṣe é fún; kò sí ìtumọ̀ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí wọ́n bá gbé fíìmù tàbí eré jáde ní èdè mìíràn, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, tí ó ń sọ ohun tí àwọn òṣèré ń wí.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni. Ìlà méjì péré ni àyè wọn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni yóò sì fi wà lójú kí ó tó pòórá. Ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ kà á, kí ó sì tún rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá mi fi ìlà méjì kọ “Ẹ kú ewu ọmọ” ní Gẹ̀ẹ́sì kí ọmọ ilé ìwé tó kà dé 4. Ẹ ti rí i pé kò rọrùn. Àwọn àtọ̀húnrìnwá fúnra wọn ni wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Les Murray, ẹni tí òbí rẹ̀ gbé wá láti Họ́ngárì ní 1957. László Ürge ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Títúmọ̀ èdè Họ́ngárì ni ó bá wọ SBS ní 1980. Kò pẹ́ kò jìnnà, òun ni gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó kú ní 2017.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ará Gíríìkì pè wá sílé rẹ̀ láti wo fíìmù Gíríìkì kan. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu bíi ti ọmọ-ọmọ tiwa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín bá jáde, ìyá náà ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí etí ló fi gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ á ka ìtumọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Èmi tí mo ń fi jígí kàwé á rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ kan náà, nínú yàrá kan náà. Ọmọdé kan wá bi ìyá àgbà rẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan tí òṣèré sọ, ìyá náà sì pè é fún un. Mo rí ojú ìyá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí ìyàwó mi ń wí láràárọ̀ wá yé mi.

Àwọn kan ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé irú tẹlifíṣọ̀n báyìí yóò pín ìlú, pé kálukú yóò wọ kọ̀rọ̀ èdè tirẹ̀ lọ. Èmi rí òdìkejì. Òfin tó dá SBS dúró gẹ́gẹ́ bí àjọ olómìnira ní 1991 kò sọ pé àlejò nìkan ni kí ó ṣiṣẹ́ fún. Ó ní gbogbo ará Ọsirélíà ni kí ó máa kọ́, kí ó máa fún ní ìròyìn, kí ó sì máa dá lára yá. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń pè ní eré àwọn àlejò, SBS ló gbé e wọ yàrá wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, nígbà tí Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, tí ó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n Bulgaria tí ó ń ké, SBS ni ará Ọsirélíà fi wo ìdíje náà. Ẹ ò rí i pé ọmọ wa kan ti wọ inú àpótí yẹn kí ìyàwó mi tó béèrè!

Iṣẹ́ náà kò sì lọ láìrí ìjà. Ní 1986, ìjọba Bob Hawke fẹ́ pa SBS pọ̀ mọ́ ABC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó tóbi jù ú lọ, kí owó lè dínkù. Àwọn Gíríìkì, àwọn Ítálì àti gbogbo ẹ̀yà tó kù gbá ara wọn jọ, wọ́n ní àwọn kò gbà. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn yẹn rìn pọ̀. Ní 1987, ìjọba fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

ALẸ́ ỌJỌ́ ÌKÀNÌYÀN

Nígbà tí mo wo orúkọ àwọn èdè tí wọ́n ń sọ lórí rédíò SBS ní ọdún tí a wà níbẹ̀, mo rí èdè Swahili, mo rí ti Sòmálì, mo rí Àmháríkì ti Ẹtiópíà, mo rí Dinka ti Súdáànù Gúúsù. N kò rí Yorùbá. Inú bí mi. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn, tíṣà ni mí, mo mọ lẹ́tà kọ. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń yan èdè. Wọ́n ní lẹ́yìn ìkànìyàn, tí ó ń wáyé ní ọdún márùn-ún márùn-ún, SBS a yẹ iye náà wò, a sì tún ètò èdè tò lórí rédíò: mélòó ló ń sọ èdè yìí nílé, mélòó nínú wọn ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mélòó ni arúgbó, mélòó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é lẹ́yìn ìkànìyàn 2011.

Ìkànìyàn mìíràn sì dé bá wa níbẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 2016. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dáhùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ wọn dákú. Gbogbo ìlú ń tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ méjì kí ó tó padà. Ọpẹ́ ni mo dá fún ìdákú yẹn, nítorí ó fún wa láyè láti jiyàn.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ṣé ẹni yìí ń sọ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nílé? Àwọn èdè ńlá ńlá wà lórí ìlà tí a lè fàmì sí. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi àna mi pé kí ni yóò kọ. Ó ní, “Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo fẹ́ kọ fún gbogbo wa.”

Mo gbiná. Mo ní, “Ìwọ ọmọ Yorùbá? Ìdí rẹ̀ nìyí tí a kò fi rí èdè wa lórí afẹ́fẹ́ wọn!”

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣùgbọ́n òun náà kúkú la ń sọ nílé yìí. Ṣé kí n purọ́ fún ìjọba ni?”

Ẹnu mi wọ gbẹ̀ẹ́. Òtítọ́ ló sọ. Mo yíjú sí ọmọ mi obìnrin, mo ní, “Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o kò bá ọmọ rẹ sọ Yorùbá?”

Ó tẹ orí ba, ó ń fún ọmọ ọwọ́ lọ́mú. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹ rántí ìwé tí ẹ máa ń mú kiri ní ilé ìwé? Èyí tí ẹ fi ń kọ orúkọ àwọn tó bá sọ fanákúlà? Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ kọ tèmi síbẹ̀. Ẹgba mẹ́fà mẹ́fà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ bá ọmọ kékeré sọ Yorùbá, ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ ṣẹ̀.”

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Mo ti rin ìrìn-àjò dé ìpẹ̀kun ayé kí n tó rí ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ta ni ó yẹ kí n kọ lẹ́tà sí? SBS ni, àbí ara mi?

Ìyàwó mi, tí kò kàwé púpọ̀, ni ó tú wa sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́, kí ó kọ ọ́. Ẹni tí kò sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́ ọ kí ó lè di òtítọ́ nígbà mìíràn.” Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, èdè wo lẹ fi jà lánàá tí ẹ rò pé a ti sùn?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Yorùbá ni wọ́n fi jà! Nígbà tí ẹ̀rọ padà, wọ́n kọ Yorùbá fún ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan fún ọmọ ọdún 6. Nígbà tó kan ọmọ ọwọ́, a wo ara wa lójú.

Èsì ìkànìyàn náà fi hàn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé nínú 100 ènìyàn ní Ọsirélíà, bíi 21 ló ń sọ èdè mìíràn nílé, àwọn èdè náà sì lé ní 300. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni a fi òfin kan lélẹ̀ nínú ilé: nídìí oúnjẹ alẹ́, Yorùbá nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran, kí ó fi Yorùbá béèrè rẹ̀. Kò sí ẹgba, kò sì sí ìwé orúkọ. Kí a tó wá sílé, ọmọ náà ti mọ “ẹran,” ó ti mọ “omi,” ó sì ti mọ “Ẹ ṣé, Màmá.”

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A MÚ LÒ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mú bọ̀ láti ibẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n lè gbé ohùn lọ jìnnà, ṣùgbọ́n kò lè bí ohùn. Ẹ wo àwọn tó ni ilẹ̀ Ọsirélíà gan-an, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé ní 1788. Èdè wọn ju 250 lọ nígbà náà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dákẹ́, nítorí wọ́n fi ipá gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ òbí, wọ́n sì fi èdè àbínibí wọn ṣe èèwọ̀ fún wọn. Oṣù kejìlá 2012 ni gbogbo ìlú tó lè wo tẹlifíṣọ̀n tiwọn, NITV, lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ SBS. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n èdè tí kò ní ẹni tí yóò sọ ọ́ mọ́, kí ni ẹ̀rọ yóò gbé jáde?

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ fàájì lásán ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria ṣàdédé ti ilé gíga 9 pa ní Melbourne, pẹ̀lú ènìyàn bíi 3,000 nínú wọn. Àtọ̀húnrìnwá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọlọ́pàá yí ilé ká, àwọn ògbufọ̀ kò sì tó láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde nínú oṣù kejìlá ọdún náà sọ pé ohun tí ìjọba ṣe lọ́jọ́ náà tako òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní ọdún yẹn, SBS ń kéde ọ̀rọ̀ àrùn náà ní èdè tó lé ní 60. Ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ ní èdè tó yé e ló lè gba ara rẹ̀ là.

Àwọn tí iye wọn kéré tí ìjọba kò tíì rí, ọ̀nà mìíràn tún wà fún wọn. Ní Melbourne yìí kan náà, tẹlifíṣọ̀n ará ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Channel 31 bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti èrè. Ẹgbẹ́ tó bá lè kó ara rẹ̀ jọ a ṣe ètò tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní òkè òkun, bí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá bá ń ṣe ìpàdé níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí owó ìpàdé má parí sórí aṣọ ẹbí nìkan.

Ní ti àwa tí a wà nílé, láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 tí tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ni a ti ń rí èdè wa nínú àpótí láìjà fún un. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a kò fi mọ iyì rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá lọ́jà, ẹ má tìtorí oníbàárà tó wọ kóòtù kí ẹ máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò já gaara bá ọmọ yín wí. Ẹ̀yin tíṣà, bí ìwé fanákúlà bá ṣì wà nínú àpótí tábìlì yín, ẹ bá mi dáná sun ún. Ẹ kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mo bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹgba lé èyí tó bá wá láti ilé jáde. Bí àwọn Hausa, Ìgbò tàbí Ẹ̀bìrà bá sì ń gbé ládùúgbò wa, ẹ jẹ́ kí àwọn náà máa gbọ́ ìkéde ní èdè tiwọn. Bí a bá fẹ́ kí Melbourne fi etí sí wa, kí àwa náà fi etí sí ẹlòmíràn.

Nínú oṣù kẹjọ 2021, ìkànìyàn tún dé Ọsirélíà. Àrùn kòrónà ti sé gbogbo ará Melbourne mọ́lé. Ọmọ mi obìnrin pè mí lórí fóònù lálẹ́. Ó ní ẹnìkan fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn ọmọkùnrin kan wọlé, ọmọ ọdún 11, ó rọra ń tò ó bí ẹni gun àkàbà: “Ẹ kú alẹ́, Bàbá àgbà. Ṣé... ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?”

N kò tètè lè dáhùn. Ìyá rẹ̀ gba fóònù, ó ní, “Bàbá, mo ti kọ fọ́ọ̀mù náà. Yorùbá ni mo kọ fún àwọn méjèèjì. Mi ò purọ́ fún ìjọba o.”